Ẹni Tó Jókòó Lórí Àga Òbí

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ mi sùn.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò bá tíì fi odidi òru wo àjà ilé rí kò lè mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ti pẹ́ tí oorun ti dá lójú Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, torí láti kékeré ló ti tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo ilé ìwé wọn ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀ báyìí. Ojú rẹ̀ ti wọnú, kì í jẹun, olùkọ́ á bi í ní ìbéèrè ní kíláàsì, kò ní dáhùn. Àfi bí mo ṣe wọ yàrá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo bá a tó ń hanrun. Mo dúró, mò ń gbọ́ ọ. Inú mi dùn díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ṣe ohunkóhun tó yẹ kó mú irú oorun bẹ́ẹ̀ wá, mo sì mọ̀ pé mi ò ṣe é.

Télọ̀ ni mí, yàrá iwájú ilé wa ni mo ti ń ránṣọ. Inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ìgbà tí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ la tó ń gbúròó rẹ̀, nítorí náà èmi ni ìyá, èmi ni bàbá. Ilé ìwé ti ránṣẹ́ pè mí léraléra pé kí n wá, kí dókítà lè yẹ ọpọlọ ọmọ náà wò. Òfin wọn le. Nítorí pé àwọn ọmọ ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ sí ìwé lórúkọ òbí wọn, wọn kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Òbí ní láti wá fúnra rẹ̀, kó jókòó lórí àga kan báyìí nínú ọ́fíìsì nọ́ọ̀sì, kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òbí òun nìyí, kí òbí náà sì wí i sókè pé òun gbà. Bó bá di ọ̀rọ̀ oògùn, òbí ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé hóró àkọ́kọ́ lé ọmọ lọ́wọ́. Bí ọmọ ò bá ti jẹ́rìí, ẹni yòówù kó jókòó síbẹ̀, àlejò ni.

Mi ò kọ̀ o. Mo kàn ní kí wọ́n fún mi láyè ni. Lónìí, aṣọ ìyàwó ẹnìkan ló wà nílẹ̀. Lọ́la, máṣíìnì ló yọnu. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin sì ti sọ fún mi lórí fóònù pé bí mo bá jẹ́ kí wọ́n sọ pé orí ọmọ àwọn ò pé, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ẹ̀rù ń ba èmi náà, kí n má parọ́. Ohun tí dókítà lè rí ń bà mí lẹ́rù ju ohun tí ọmọ mi ń rí lọ.

Ohun tó ń rí nìyí. Ó ní ẹnìkan máa ń dúró lẹ́yìn mi bí mo bá ti jókòó ti máṣíìnì.

“Irú ẹni wo?” mo bi í.

“Ẹ̀yin náà ni, Màmá,” ló wí. “Aṣọ yín ló ń wọ̀. Ó máa ń wo ọwọ́ yín bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.”

Mo fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni, kó kọ́kọ́ wá bá mi gbálẹ̀ ná. Kò rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn èjìká mi, yóò wá rẹ ohùn sílẹ̀.

Nígbà tó wá di pé ó ń sùn, tó ń jẹun, tó sì ń kọrin nínú balùwẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo lọ sí ilé ìwé láti sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, ara ọmọ ti yá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni nọ́ọ̀sì yìí, bàtà rẹ̀ kì í dún nílẹ̀. Ó ń nu tábìlì rẹ̀ nígbà tí mo wọlé.

“Ẹ̀yin rèé, Màmá Pẹ́lẹ́ńgẹ́,” ló wí. “Ṣebí ọjọ́ Ẹtì la ní kí ẹ padà wá?”

“Padà wá báwo? Mi ò tíì wá rí.”

Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbọ́ àwàdà. Ó ní nígbà tí mo wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ran dókítà lọ́wọ́ gan-an, torí àwọn òbí kì í sábà fẹ́ sọ òótọ́. Ó ní ohun tí mo sọ nípa bí ọmọ náà ṣe ṣubú láti orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, nígbà tí kò tíì lè rìn, wúlò púpọ̀. Lóòótọ́ ló ṣubú. Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀ rí, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni láyé yìí. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ náà.

“Gáùn búlúù yẹn sì bá yín mu,” nọ́ọ̀sì wí. “Pàápàá apá rẹ̀.”

Mo ní gáùn búlúù kan lóòótọ́. Mò ń rán an fún ara mi bí àyè bá ṣe yọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì fi apá sí i. Orí ìgbékọ́ aṣọ ni mo fi í sí, pẹ̀lú pínnì lára. Mo la ẹnu láti sọ pé èmi kọ́ ló wá, mo wá rí ojú tí nọ́ọ̀sì fi ń wò mí. Ojú tó fi ń wo àwọn ọmọ ni. Ó hàn sí mi pé bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ kan sí i, èmi náà á nílò òbí tí yóò wá gbà fún mi.

“Ẹ rántí ọjọ́ Ẹtì,” ló wí. “Dókítà fẹ́ fi kún oògùn rẹ̀. Àwa ò lè fún un bí ẹ ò bá sí níbẹ̀.”

Nígbà tí mo délé, mo lọ tààrà síbi ìgbékọ́. Gáùn náà ti ní apá. Mo yí i sódì, mo wo ojú ìránṣọ rẹ̀. Ọ̀nà tí mo ń gbà rán nǹkan ni, títí kan bí mo ṣe máa ń rán abẹ́ apá ní àránpadà kó má bàa tú. Mi ò rí àléébù kankan níbẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ imú mi. Ẹnìkan ti wọ̀ ọ́ làágùn díẹ̀, òórùn ara mi ló sì ní.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé láti ilé ìwé, ó ki búrẹ́dì bọnu. Mo jókòó tì í.

“Ta ló bá ọ lọ rí dókítà?”

“Ẹ̀yin náà kọ́ ni, Màmá?”

“Ẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn mi ńkọ́?”

“Mi ò rí i mọ́.”

“Ó ti lọ?”

Ó rò ó díẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì tó wà lẹ́nu rẹ̀. “Mi ò mọ̀ bóyá ó lọ,” ló wí. “Èmi ni mi ò rí i mọ́.”

Mi ò lè wo ẹ̀yìn mi. Ó sì ń wò mí lójú, kò yọjú wo èjìká mi mọ́. Ó ti pẹ́ tí ọmọ mi ti wò mí lójú bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n dá oògùn náà dúró, yóò padà sí bó ṣe wà, egungun lásán tó ń wo àjà. Mi ò lè ṣe é. Oògùn ò ṣe mí ní nǹkan kan, ó ti bá mi tọ́jú ọmọ. Ẹni tó jókòó lórí àga yẹn lórúkọ mi ni mo ń bínú sí. Àyè tí mo fi sílẹ̀ ló gbà. Mo pinnu pé lọ́jọ́ Ẹtì, èmi gan-an ni màá jókòó síbẹ̀, èmi ni màá gbà, ọwọ́ mi ni ọmọ mi yóò ti gba oògùn. Mo fi sísọ́ọ̀sì tú apá gáùn náà kúrò, mo gbé e sínú àpótí, mo sì tì í.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ṣíwájú Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúrò nílé, mo ní kó bá mi níbẹ̀. Mo fẹ́ dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí mi, mo kí i. Nọ́ọ̀sì fi àga hàn mí, àga onígi tí aṣọ ìjókòó rẹ̀ ti já létí, mo sì jókòó. Ara mi balẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ tí àga náà dún lábẹ́ mi. Dókítà wọlé, ọkùnrin tó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó béèrè bí ọmọ ṣe ń sùn, mo sọ fún un. Ó béèrè bó ṣe ń jẹun, mo sọ. Mo tilẹ̀ dápàárá pé ó ti fẹ́ jẹ mí tán nínú ilé, ó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọlé. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ dára, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ṣé o mọ bí a ṣe máa ń ṣe é,” nọ́ọ̀sì wí fún un. “Ta ló jókòó síbí?”

Ọmọ mi wo àga náà. Ó wò ó dáadáa, láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ gba àárín mi kọjá sí ara ògiri.

“Kò sẹ́nìkankan níbẹ̀, mà,” ló wí.

Mo pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí mo sọ ọ́ gan-an. Kò yíjú. Mo dì í lọ́wọ́ mú, ó fi ọwọ́ kejì họ ibẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò rìn lára rẹ̀. Mo wo dókítà pé kó gbà mí. Ó wo aago rẹ̀.

“Màmá ẹ dà?” ló bi í. “Kí a má bàa pẹ́.”

“Wọ́n ń bọ̀, sà. Wọ́n ní kí n máa lọ níwájú.”

Nọ́ọ̀sì náà wo àga tí mo wà lórí rẹ̀. Mo rí i tó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ rántí nǹkan, lẹ́yìn náà ó gbàgbé. Ó gbé àpò rẹ̀ láti orí tábìlì, ó gbé e lé mi lórí itan, mi ò sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹnìkan ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo mọ ìrìn náà, torí bí mo ṣe ń fa ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ nìyẹn láti ọdún tí mo ti ń tẹ máṣíìnì. Ilẹ̀kùn ṣí.

“Ẹ má bínú,” ohùn mi wí lẹ́nu ọ̀nà. “Mo pẹ́ díẹ̀.”

Ọmọ mi fò mọ́ ọn. Kí n sọ òótọ́, ó ti pẹ́ tó ti fò mọ́ èmi bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà fi ọwọ́ ra irun rẹ̀, ó pè é ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì dáhùn. Nọ́ọ̀sì bi í pé ta nìyí, ó ní, “Màmá mi ni,” kò tilẹ̀ rò ó. Ó wá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń retí oògùn.

“Ẹ káàárọ̀, mà,” nọ́ọ̀sì wí. Ó gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí itan mi, ó sì fi ọwọ́ gbá orí àga náà. “Ẹ jókòó.”