Ọgbà Olókùúta Caiping

"Òkúta lo gbìn ni?"

Wenjie fẹ̀yìn ti ògiri amọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó tẹ̀ lé e wá láti ilé ìwé náà ń rẹ́rìn-ín. Caiping dúró láàárín àgbàlá ilé wọn, kò mọ ibi tó máa fi ojú sí. Níwájú rẹ̀ ni ọgbà tí òun àti ìyá bàbá rẹ̀ ṣe wà, ilẹ̀ kékeré tí kò ju ẹní mẹ́ta lọ, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ bò mọ́lẹ̀. Ata, ẹ̀wà àti bàrà ń yọjú láàárín òkúta náà.

"Ìyá àgbà ló ní ká ṣe é bẹ́ẹ̀," ni Caiping fèsì.

"Ó dáa o. Tó bá ti so, kẹ́ ẹ máa se òkúta jẹ nìyẹn. Wá wo tèmi nílé, òdòdó ló kún ibẹ̀. Omi kò lọ́tàá, ọ̀rẹ́. Ìwọ ṣáà máa bu omi sí i."

Olùkọ́ Lian, tó ń kọ́ wọn ní sáyẹ́ǹsì, ló dá ìdíje náà sílẹ̀. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dá ọgbà sí ilé wọn, kí owó tó máa ná má ju ọgbọ̀n yuan lọ, kí omi tó máa lò má sì pọ̀. Ní abúlé wọn ní agbègbè Gansu tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, ta ni omi pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Omi òjò tó bá wọ inú kòtò tí wọ́n rẹ́ sábẹ́ àgbàlá ni ilé kọ̀ọ̀kan ń mu títí òjò mìíràn á fi rọ̀. Ilé Caiping sì rèé, òun àti ìyá àgbà nìkan ló wà níbẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní ìlú Lanzhou.

Bí àwọn ọmọ náà ṣe lọ tán, Caiping mú ọkọ́. Kí ìyá àgbà tó da àgùntàn dé, ó ti wọ́ gbogbo òkúta náà jọ, ó dà á sẹ́yìn ilé àgùntàn. Ní ọjọ́ ọjà, ó ra òdòdó pupa àti olómi ọsàn, ó gbìn wọ́n sáàárín ata.

Ìyá àgbà wo ọgbà náà, ó tún wo ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Ó ti sú ọ?"

"Ìyá àgbà, wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín."

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ni màmá náà sọ, ó sì wọlé lọ dá iná.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, oòrùn mú bí iná. Ilẹ̀ ọgbà sán. Korobá omi kan lójúmọ́ di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún, síbẹ̀ òdòdó ń sorí kọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Caiping sọ korobá sínú kòtò, ló bá gbọ́ tó ha ìsàlẹ̀ gbàrà.

Ó sáré wọ ilé ìdáná. Ìyá àgbà ń bó ànàmọ́ òyìnbó. Ìgbà yẹn ni Caiping ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ètè màmá náà ti sán, àti pé ife tíì tí kì í gbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti gbẹ táútáú.

"Ìyá àgbà, ẹ ò mu tíì?"

"Mo mu ún láàárọ̀. Ife kan ti tó arúgbó lóòjọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí lo fẹ́ máa ka ọjọ́ sí? Ọgbà rẹ ń fẹ́ omi, mo fi tèmi sílẹ̀ fún un."

Caiping jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọ kékeré.

Aládùúgbò wọn kan fún wọn ní omi korobá mẹ́fà tí wọ́n ń ṣún lò títí òjò díẹ̀ fi rọ̀. Caiping kò da ẹ̀kán kan nínú rẹ̀ sídìí òdòdó. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé apẹ̀rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, ó forí lé odò tó ti gbẹ nísàlẹ̀ òkè láti lọ ṣa òkúta.

"Èyí tó wà lẹ́yìn ilé àgùntàn ńkọ́?" ni ìyá àgbà bi í.

"Ó ti da pọ̀ mọ́ erùpẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ, nígbà tá a kọ́kọ́ ń tẹ́ òkúta, pé èyí tó bá ti da pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ kò wúlò mọ́?"

"Háà! O ń gbọ́ mi nígbà yẹn?"

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi kó òkúta. Èjìká rẹ̀ bó. Òdòdó ti kú tán, ṣùgbọ́n ata mẹ́fà, ẹ̀wà díẹ̀ àti bàrà kan ṣoṣo ṣì ń mí. Ìyá àgbà kọ́ ọ bí yóò ṣe tú ilẹ̀, kí ó bomi sí ìdí irúgbìn lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, kí ó tó tẹ́ òkúta lé e kó nípọn tó ìka mẹ́rin.

"Òkúta ni aṣọ ilẹ̀," ni màmá náà wí. "Ilẹ̀ tó bá wà níhòòhò ni oòrùn ń fa omi rẹ̀ mu."

Láti ìgbà náà, omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́, ife kan fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ti tó ọgbà náà. Bàrà náà nà, ó sì so mẹ́ta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Wenjie dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Òdòdó tirẹ̀ ti jóná mọ́ ilẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ti gba korobá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Caiping... apá ibo nínú odò yẹn lo ti kó òkúta?"

Èébú wà lẹ́nu Caiping, ó ti fẹ́ máa jáde. Ó gbé e mì.

"Lọ gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ wá, ká jọ lọ. Ẹ̀yìn máa dùn ọ́ o!"

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, òjò kò tíì rọ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Olùkọ́ Lian bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí òkúta díẹ̀ kúrò. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ dúdú, ó sì tutù. Ó fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ́ ọ ní èyí?"

Caiping gbé ojú sókè. "Ìyá bàbá mi ni, Tíṣà. Niu Shuanglian lorúkọ wọn. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ kó òkúta wọn dànù, torí ojú ń tì mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òǹgbẹ pa wọ́n."

Olùkọ́ Lian yíjú sí ìyá àgbà. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa wá kọ́ wa nílé ìwé?"

"Èmi tí n kò mọ A yàtọ̀ sí igi?"

Ṣùgbọ́n ó lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó dúró níwájú ogójì akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ́ òkúta sí ọgbà ilé ìwé lẹ́yìn kíláàsì, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ìwọ yẹn, rọra! Ilẹ̀ lò ń daṣọ bò, kì í ṣe ajá lò ń sọ̀kò lù!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń ṣe bó ṣe wí. Ọmọ kíláàsì kejì kan bi Caiping pé ta ni màmá náà. Orí Caiping wú.

"Ìyá bàbá mi nìyẹn," ló wí, ó sì wí i sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọgbọ́n ilé ẹni kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tó bá jù ú nù nítorí yẹ̀yẹ́ ẹgbẹ́, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.