Àwo Òǹtẹ̀ Tó Fọ́

Àwo òǹtẹ̀ náà ti fọ́ yángá sílẹ̀ kí Fẹ̀sọ̀ tó dé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló dúró tì í, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kan, ìkólẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ni. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ẹ má tíì gbá a," ni Fẹ̀sọ̀ wí. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni. Torí pé kì í kánjú ni wọ́n ṣe ń pè é ní Fẹ̀sọ̀.

"Mi ò fẹ́ kó gún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ ni."

"Kí ló fọ́ yìí gan-an?"

"Iṣẹ́ ayé mi." Ó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Ẹ mọ rọ́bà tí wọ́n ń kì bọ aláìsàn lára láti fi gba ìtọ̀?"

"Wọ́n fi sí bàbá mi lára rí."

"Kòkòrò àìfojúrí máa ń bà lé e. Tí ọ̀kan bá ti ríbi jókòó, á pe ẹbí rẹ̀. Wọ́n á wá fi awọ yíyọ̀ bo ara wọn, bí èyí tó máa ń wà lára òkúta inú odò. Oògùn kì í wọ awọ yẹn. Bó ṣe pa ìyá mi nìyẹn."

"Àwo yìí ńkọ́?"

"Gíláàsì ni. Ebè la kọ sí i lára, ebè àti poro, kéékèèké tójú ò lè rí. Tá a bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́bà, rọ́bà á gba ebè náà. Kòkòrò tó bá bà lé e ò ní ríbi fìdí lé, ìtọ̀ á gbá a lọ. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Bí ara rọ́bà ṣe rí ló ń ṣiṣẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Ọ̀sán òní ni ilé iṣẹ́ tó fẹ́ máa ṣe é fún àwọn ọsibítù máa wá gbé àwo náà. Ẹyọ kan péré la ní."

Fẹ̀sọ̀ lóṣòó. Ó mú àfọ́kù kan, ó gbé e sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá, funfun lásán.

Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tọ́jú àwo náà sí. Wọn ò já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àpótí kékeré kan wà nínú rẹ̀, ó ṣófo.

"Ṣé gbalaja báyìí lẹ máa ń tẹ́ àwo náà síbẹ̀?"

"Rárá o. Aṣọ múlọ́múlọ́ kan la fi ń wé e."

Aṣọ ò sí níbẹ̀. Kò sì sí nílẹ̀.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi, Ọ̀gá Ẹ̀rọ, àti Ẹyẹlé."

Yàrá kejì làwọn méjèèjì wà. Ọ̀gá Ẹ̀rọ ló ń fi àwo náà tẹ rọ́bà. Ọkùnrin gìrìwò ni, kì í fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé inú yín dùn pé wọ́n fẹ́ gbé àwo lọ?" ni Fẹ̀sọ̀ bi í.

"Irọ́ ni mo máa pa tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá ti lọ, iṣẹ́ bùṣe níbí. Àmọ́ mo ti ríṣẹ́ míì. Ẹni tó ti rí ibi tó ń lọ, kí ló fẹ́ fọ́ gíláàsì ṣe?"

Ẹyẹlé ló kéré jù nínú wọn. Òun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n jọ ya àwòrán ebè náà.

"Wọ́n ní ẹ̀yin àti Ọ̀jọ̀gbọ́n ń jà."

"Wọn ò fi orúkọ mi síwájú nínú ìwé tá a kọ lórí iṣẹ́ náà. Ó dùn mí, mo sì sọ ọ́ lójú Màmá, bá a ṣe ń pe Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ohun tí mo ti fẹnu sọ, mi ò tún ní fi òkúta sọ ọ́."

"Ibo lẹ dúró sí tẹ́ ẹ fi rí àfọ́kù náà?"

"Ẹnu ọ̀nà. Màmá na ọwọ́, wọ́n ní ká má wọlé, ká má lọ tẹ gíláàsì."

"Èmi náà, ẹnu ọ̀nà ni," ni Ọ̀gá Ẹ̀rọ wí.

Rọ́bà díẹ̀ rọ̀ lára ògiri. Fẹ̀sọ̀ mú ọ̀kan, ó gbé e sójú fèrèsé. Àwọ̀ pupa yọ lára rẹ̀, ti ewé tẹ̀ lé e, ti aró.

"Kí lèyí?"

"Ebè ni," ni Ẹyẹlé dáhùn. "Ìmọ́lẹ̀ tó bá kàn án á tú ká bí òṣùmàrè. Ti àwo gan-an tún ju báyìí lọ. Màmá máa ń sọ pé tí wọ́n bá jí àwọn lójú oorun, àwọn á mọ̀ ọ́n."

Fẹ̀sọ̀ padà sọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Mà, gíláàsì lásán lẹ fọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ìgbálẹ̀ tó gbé ti ògiri.

"Àfọ́kù yìí ò ní àwọ̀ kankan. Ẹni tó fẹ́ ba nǹkan jẹ́ kì í sì í mú aṣọ tí wọ́n fi wé e lọ. Ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀ọ́kán làwọn méjì yẹn ti wò ó, wọn ò lè mọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n lójú oorun lẹ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ ayé yín ló wà nílẹ̀ yìí. Ìgbálẹ̀ sì ti wà lọ́wọ́ yín kí n tó dé."

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ ba, ó fa báàgì rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì. Ó tú aṣọ múlọ́múlọ́ náà. Òṣùmàrè sáré gba òkè àjà kọjá.

"Kí ló dé?" ni Fẹ̀sọ̀ rọra bi í.

"Mo fẹ́ sọ fún ilé iṣẹ́ pé a ó tún un ṣe ni. Á gbà wá tó ọdún kan. Ọ̀gá Ẹ̀rọ á dúró. Ẹyẹlé á dúró. Láàárọ̀, wọ́n á bi mí bóyá mo sùn dáadáa." Ó ń ká etí aṣọ náà, ó ń tú u. "Nílé, rédíò ni mo máa ń tàn kí n lè gbóhùn èèyàn. Lọ́jọ́ ìsinmi, mo lè má la ẹnu títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Fẹ̀sọ̀ mọ rédíò yẹn. Irú rẹ̀ wà nílé tirẹ̀.

"Àwọn aláìsàn ńkọ́?"

"Mo rò ó. Mo ro ti ìyá mi pàápàá. Mo sì fọ́ gíláàsì náà."

Nígbà tí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ dé, Ọ̀jọ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló gbé àwo náà lé awakọ̀ lọ́wọ́. Ó ní kó rọra. Ó dúró títí ọkọ̀ fi yà sójú títì.

"Irọ́ tẹ́ ẹ pa fún ọlọ́pàá ò ṣeé gbójú fò," ni Fẹ̀sọ̀ wí. "Ẹ máa bá mi dé àgọ́. Ta ni kí n pè fún yín?"



"Nọ́ńbà méjì péré ni mo mọ̀ lórí. Àwọn tó ni wọ́n ló ń palẹ̀ ẹrù mọ́ ní yàrá kejì yẹn."

Fẹ̀sọ̀ padà wọlé, ó lọ kan ilẹ̀kùn wọn.