Àsìkò Tí Kúnmi Kò Tọrọ

Omi òjò ṣì ń kán lára ìborùn búlúù ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Yusrah nígbà tó wọ yàrá òkè ní ilé ìkàwé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jókòó síwájú, tó tẹjú mọ́ Kúnmi bí ẹni tó fẹ́ yẹ ọjà wò. Kúnmi ń ṣàlàyé lọ́wọ́ fún kíláàsì rẹ̀ bí àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ń sọ òfin ẹgbẹ́ di òfin ilé wọn.

"Uncle olùkọ́, tí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé, tí wọn ò ṣe é ńkọ́?"

"Wọ́n á pè wọ́n lẹ́jọ́. Èyí tó bá mọ̀ pé òun ò lè ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á ti tọrọ àsìkò kó tó wọlé. Mi ò sì tíì di uncle, please."

"A máa wò ó," ni Yusrah wí. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni Kúnmi àti Yusrah ti jọ ń rìn gba Rye Lane, tí wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì kọjá lára wọn.

Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ fẹ́ra. Ṣùgbọ́n Onígbàgbọ́ ni Kúnmi, Alhaji Làtíìfù, bàbá Yusrah, kò sì ní fọmọ fún ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Kúnmi gba Ìsìláàmù.

"Ìrun, ààwẹ̀, ṣé wàá lè ṣe é?" ni Alhaji bi í.

"Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, sà."

Nígbà tí ààwẹ̀ dé, Yusrah sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní Elephant and Castle lọ́sàn-án, ó bá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ nídìí adìyẹ díndín.

"Ẹ kú ọ̀sán o, òfin inú ìwé," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹran ẹnu Kúnmi kò ṣeé gbé mì, kò ṣeé tu.

Nírọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún Alhaji ní pálọ̀ rẹ̀ ní Bermondsey.

"Daddy, mo purọ́ fún yín. Mi ò tíì gba ààwẹ̀ kankan parí."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ojú tì mí, sà. Mo rò pé tí mo bá tọrọ àsìkò, ẹ ó ní mi ò fẹ́ ẹ tó."

Alhaji fà á dìde. "Ta ló kọ́ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan? Ìgbéyàwó di ọdún tó ń bọ̀. Má ṣe ẹ̀sìn nítorí tèmi. Tí ọkàn rẹ ò bá sí níbẹ̀, wá sọ fún mi."

Àkókò ìṣínu tó. Wọ́n gbé dàbínù ká, ṣùgbọ́n Kúnmi kò lè nawọ́ láàárín àwọn tó gbààwẹ̀. Yusrah wá jókòó tì í, ó pín tirẹ̀ sí méjì.

"Gbà."

"Mi ò gbààwẹ̀, Yusrah."

"Mo mọ̀. Màá pè ẹ́ lórí fóònù ní sààrì, kó o lè jẹun kílẹ̀ tó mọ́. Tó o bá sùn padà, màá tún pè."

Kúnmi gbà á, kò lè wo ojú rẹ̀.