Ọ̀gá Tó Ń Yẹ Iṣẹ́ Ara Rẹ̀ Wò

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe bàálù kékeré, irú èyí tó ń gbé ènìyàn méjì péré. Òmíràn a wà ní ẹyọ-ẹyọ nínú àpótí, kí ẹni tó rà á lọ tò ó fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára.

Nídìí iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá de bóòtù, irin tó ń so ara bàálù pọ̀, kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹlòmíràn ló ń fi sípánà dán an wò, kó tó fi ọ̀dà pupa sàmì sí i pé ó ti le. Ọ̀gá yìí kọ̀ jálẹ̀. Òun ló ń dè é, òun náà ló ń kùn ún.

Ìyá àgbà kan ló ń rán aṣọ tó fi ń bo apá bàálù fún un. Onígbàgbọ́ ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

“Ọ̀gá mi, ẹ ò jẹ́ kí ènìyàn yẹ iṣẹ́ yín wò, ẹ ò sì jẹ́ kí Jésù yẹ ọkàn yín wò.”

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, mo ti fò dé òkè, mi ò pàdé ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹ máa ránṣọ yín.”

Nígbà tí bàálù tuntun kan parí, ọmọbìnrin ọ̀gá ló fẹ́ kọ́kọ́ gbé e fò. Ó ti jókòó, ẹ́ńjìnnì ti ń ké, ni ìyá àgbà bá lọ dúró gbagidi níwájú bàálù.

“Màmá, ẹ kúrò lọ́nà!” ni ọ̀gá pariwo.

“Mi ò kúrò. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, tàbí kí ẹ gbé e gba orí mi kọjá!”

Ọmọ náà pa ẹ́ńjìnnì. Ìyá fọwọ́ kan bóòtù tó so apá mọ́ ara bàálù. Ọ̀dà pupa ń dán lórí rẹ̀. Ó fi ìka méjì yí i, ó sì yí.

“Dádì, ta ló kun eléyìí?”

Lọ́jọ́ tó ń dè é, ìpè fóònù kan ló gbé ọ̀gá kúrò nídìí bóòtù yẹn láìtíì dè é tán. Nígbà tó padà, ọ̀dà ló mú, kò mú sípánà. “Èmi ni,” ló wí.

Ṣé ó wá ronú pìwà dà lójú ẹsẹ̀? Rárá o! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá Ọlọ́run jà. “Bóòtù kan ṣoṣo ni, mi ò bẹ̀ Ọ́!” Ṣùgbọ́n bó bá ti rí ọmọ rẹ̀, bóòtù yẹn a sọ sí i lọ́kàn. Ìgbéraga òun ì bá ti pa á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, lójú gbogbo òṣìṣẹ́, ó kúnlẹ̀ sórí èérún irin. “Jésù, mo jẹ̀bi. Fi ẹ̀jẹ̀ Rẹ wẹ̀ mí. Yẹ̀ mí wò, má fi ibì kankan sílẹ̀.”

Ó kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó ti ra bàálù rẹ̀ pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn tí yóò yẹ gbogbo bóòtù wò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan figbe ta: “O fẹ́ ba ọjà ara rẹ jẹ́ ni?”

“Kó bàjẹ́! Ìtìjú ò lè ṣe mí ní ohun tí irọ́ mi fẹ́ ṣe ọmọ mi.”

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? “Mi ò jalè, mi ò pààyàn,” lò ń wí. Ta ló yẹ̀ ọ́ wò? Ṣebí ìwọ náà lo dá ara rẹ láre! Èṣù á ní kó o fi í di ọ̀la. Sọ fún un pé irọ́ ló ń pa, Kristi ti kú fún ọ. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà nísinsìnyí. Bí wọ́n bá sì ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn.