Eyín Kẹsàn-án

Òótọ́ pọ́ńbélé ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó lọ wo ẹnu Bàbá Kìtán ní Ìlú-Abo.

Ogún eyín tí wọ́n ti yọ lẹ́nu àwọn aláìsàn ni Adéwùnmí, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn eyín, tò sórí tábìlì nílé ìwòsàn kan ní Oǹdó. Oríṣi èèpo tín-ín-rín méjì ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ iwájú eyín kó lè dán: ti tánganran àti ti rẹ́sìn, ìyẹn ike líle kan. Adéwùnmí fẹ́ mọ èyí tó bá eyín mu jù, ló ṣe ń wọn àlàfo tó wà láàárín eyín àti èèpo. Ogún ni yunifásítì rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní kó lò. Bí ó bá dín ẹyọ kan, á tún ọdún kan gbáko ṣe. Kò mikàn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó lẹ èèpo rẹ́sìn mọ́ eyín kẹsàn-án. Àlàfo náà fẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti dín. Nígbà tó di Ọjọ́rú, kò sí mọ́.

Ó nu awò tó fi ń wo àlàfo náà, ó tún un wò. Eyín náà ló ń dàgbà bọ̀ wá bá èèpo. Ẹ̀rù bà á gidi.

Ó pe Màmá Agnes, tó ń bá a kó eyín jọ.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, eyín ta nìyí?”

Màmá Agnes wo eyín náà. “Ti Bàbá Kìtán ni. Ó ní kí n bá òun jù ú sórí òrùlé, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọdé, kí òmíràn lè hù.”

“Kí lẹ wá sọ?”

“Mo ní màá jù ú. Ẹ̀rín ni mo fi rín. Ẹni àádọ́rin ọdún! Inú ìgò tí o ń kó eyín sí ni mo jù ú sí.”

Adéwùnmí ro ti ọdún kan gbáko yẹn. Ó dùn ún. Síbẹ̀ ó mú eyín náà tòun ti èèpo rẹ̀, ó jáde sínú oòrùn ọ̀sán, ó sì jù ú sórí páànù.

Wọ́n dúró kó dún. Kò dún.

Nírọ̀lẹ́, Màmá Agnes pe Oríọlá, ọmọ Bàbá Kìtán, lórí fóònù.

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọ́n wà, mà. Wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun. Eyín wọn ti hù lọ́sàn-án yìí. Àmọ́ ó funfun ju àwọn yòókù lọ.”

Adéwùnmí gba fóònù. “Jọ̀ọ́, fi èékánná yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ṣé àlàfo wà níbẹ̀?”

Oríọlá lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó padà sórí fóònù.

“Kò sí o, Àǹtí. Kò sí rárá.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ní Àkúrẹ́, olùkọ́ Adéwùnmí, Dókítà Dúrótoyè, ka eyín orí tábìlì lẹ́ẹ̀mejì.

“Kẹsàn-án dà?”

Irọ́ kékeré kan ì bá gba ọdún náà là. Adéwùnmí kò pa á.

“Ó wà lẹ́nu ẹni tó ni ín, sà. Ó ń fi jẹ àgbàdo.”