Púùlù Eléwé ti Bárúwà

Ọjọ́ tí Fàdìlàt kọ́kọ́ rí Jàfárù, èébú ló fi kí i. Fàdìlàt ń kọ́ àwọn obìnrin ní ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ́míkà inú púùlù òtẹ́ẹ̀lì tó ń lò sì ti ba ojú rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní ilé ìwé kan ní Bárúwà ní púùlù tí kò ní kẹ́míkà. Ó débẹ̀, ó bá ọkùnrin kan nínú omi dé itan, ó ń rẹ́ ewé òṣíbàtà.

"Ṣé inú kànga àkèré yìí lẹ fẹ́ kí n kó ọmọ olọ́mọ sí?"

Jàfárù, ẹni tó ń tọ́jú púùlù náà, ò tilẹ̀ bínú. "Àǹtí, ẹ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ná. Tó bá yún yín, ẹ bú mi sí i."

Kò yún un. Omi náà tutù, ó mọ́ gaara. Jàfárù wá ṣàlàyé: apá kan wà fún ènìyàn, apá kejì wà fún eèsún àti òṣíbàtà. Póńpù kékeré ń ti omi gba àárín òkúta wẹ́wẹ́. Kòkòrò tójú ò lè rí ń jẹ ìdọ̀tí níbẹ̀, gbòǹgbò ewé ń fa ìyókù mu.

"Ẹ̀fọn ńkọ́?"

"Ẹ̀fọn kì í fẹ́ yé sómi tó ń rìn. Èyí tó bá sì ṣorí kunkun, lámilámi á fi ọmọ rẹ̀ jẹun."

Fàdìlàt rẹ́rìn-ín. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, "Àǹtí" ti di "Adúmáradán mi." Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sì fi bò fẹ́nì kankan.

Bàbá rẹ̀ ló kù. Bàbá Nùrẹ́nì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ti gbẹ́ kànga káàkiri Ìkòtún fún ọgbọ̀n ọdún. "Ọkùnrin tó ń gbin koríko sómi? N óò wo iṣẹ́ rẹ̀ ní Sátidé, kí n tó gbà kí ẹbí rẹ̀ wá tọrọ ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, Fàdìlàt rí ewédò, nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, lára ògiri púùlù. "Ṣé èyí ni Bàbá máa bá lọ́la?"

"Fi sílẹ̀ jàre," ni Jàfárù wí. "Búrọ́ọ̀ṣì ni n óò fi fọ̀ ọ́ láàárọ̀ ọ̀la."

Ṣùgbọ́n bó ṣe gba mọ́ṣáláṣí lọ, Fàdìlàt da gálọ́ọ̀nù bílíìṣì méjì sómi.

Nígbà tó máa fi di Sátidé, omi ń dán bíi dígí. Àmọ́ eèsún ti jóná, òṣíbàtà ti rọ bí ẹ̀fọ́ bíbọ̀. Jàfárù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wò ó tìyanutìyanu ni Bàbá wọlé. Bàbá bu omi sátẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló da bílíìṣì sí i?"

Jàfárù wo Fàdìlàt lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì mọ̀. "Èmi ni, sà."

"Ìwọ tó o ní o kì í lo kẹ́míkà? Òpùrọ́! Fàdìlàt, ó yá, nílé."

Fàdìlàt lè dákẹ́. Ta ni yóò mọ̀? Ẹnu tó fi ń bú ayé wúwo lọ́jọ́ náà, ó sì là á.

"Bàbá, èmi ni. Mo fẹ́ kó dán lójú yín. Nítorí mi ló ṣe parọ́."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, òun náà fẹ́ ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́. Lọ́dọ̀ àwa agbẹ́kànga, ẹni tó ba omi jẹ́ ló ń gbọ́n ọn. Tí nǹkan bá tún lè yè níbẹ̀, ẹ pè mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gbọ́n omi, wọ́n fọ òkúta, wọ́n hú ewé tuntun wá láti àbàtà Ìgándò.

"Kí ló dé tó ò bi mí kó o tó da bílíìṣì sí i?" Jàfárù béèrè.

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kì í pa omi, adúmáradán. Ìkánjú ló ń pa á."

"Mo ti gbọ́. Ìwọ náà, má parọ́ gbèjà mi mọ́. Ṣebí mo lẹ́nu!"

Bàbá padà wá. Ewédò wà lára ògiri. Ó rí i, ó kọjá lọ sídìí eèsún.

"Ta ló gbin ti apá ibí yìí?"

"Èmi ni, Bàbá," ni Fàdìlàt wí.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó di eèsún kan mú, ó fà á. Kò tu. Ó tún fà á.

"Gbòǹgbò rẹ̀ ti mú ilẹ̀," ló wí. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe ìyá Fàdìlàt. "Àdíját, wá ọjọ́ tó dáa. Àwọn àna ń bọ̀."

Fàdìlàt pariwo, ó sì ti Jàfárù sómi taṣọtaṣọ.