Àbúrò Mi Kò Díbọ́n: Ẹ̀ṣọ́ Ọpọlọ Ló Ń Darúgbó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi! Èmi Kúbúrátù ló fẹ́ ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Àbúrò mi Asiyah jẹun àárọ̀ tán. Kò pẹ́, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo pé Raliat, ìyàwó ọmọ òun, fi ebi pa òun. Raliat bú sẹ́kún. Ká tó sọ̀rọ̀, Asiyah ti gbé wákà sẹ́nu:

"Ọba Ọlọ́run ló dá wa sí o,
A ò ní sùn láìdúpẹ́."

Ó kọ ọ́ dópin, kò já ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo gbè é, mo sì jó!

Inú bí Mashood, ọmọ rẹ̀. "Ìyá Àgbà, ẹ ò gbọ́ nǹkan? Ẹni tó rántí wákà gígùn yìí ló gbàgbé oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ? Màámi ń díbọ́n ni! Abà wa n'Iresa ni mò ń gbé wọn lọ. Màá tilẹ̀kùn mọ́ wọn níbẹ̀."

Mo ké mọ́ ọn, "Ìyá tó bí ẹ, bí ewúrẹ́? Lójú tèmi kọ́! Ọsibítù là ń lọ, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Wá mọ́tò!"

Dókítà Ọmọ́wùnmí yẹ Asiyah wò, ó bi í léèrè oríṣiríṣi. Ó wá kọjú sí Mashood.

"Bọ̀dá, màmá ò díbọ́n. Ọ̀rọ̀ òní ló sábà máa ń kọ́kọ́ sọnù nínú àìsàn ìgbàgbé tó ń ṣe wọ́n yìí. Orin àtijọ́ lè pẹ́ kó tó lọ."

"Kí ló fà á?" ni mo bi í.

"Màmá, àwọn ẹ̀ṣọ́ tíntìntín kan ń bẹ nínú ọpọlọ gbogbo wa, ojú lásán ò lè rí wọn. Wọ́n ń gbá ìdọ̀tí, wọ́n ń bá àrùn jà. Bí a bá ń dàgbà, ó lè rẹ̀ wọ́n, kí ìdọ̀tí máa kóra jọ. Nígbà mìíràn wọ́n á ṣìjà, wọ́n á máa ṣe ọpọlọ fúnra rẹ̀ léṣe."

"Bí ọlọ́dẹ arúgbó tó ń lu onílé, tó fi olè sílẹ̀!" ni mo wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ó jọ ọ́, màmá. Ó lọ́wọ́ nínú àìsàn náà, àmọ́ àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí lọ."

Mashood ní, "Ẹnì kan ń ta àgbo tó ń fọ ọpọlọ."

"Kò tíì sí oògùn tó ń wo àìsàn yìí sàn. Ẹni tó bá ní òun ní in, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn ṣe é tọ́jú. Bí ẹ bá tì wọ́n mọ́lé láìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ara wọn á tún burú sí i."

Mashood dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màámi, ẹ forí jì mí."

Asiyah fọwọ́ pa á lórí. "O ṣeun, ọmọ dáadáa. Ta ni ìyá ẹ?"

Mashood gbójú sókè. "Ẹ̀yin ni, Màámi. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ẹ̀yin ará, bí àgbàlagbà bá ń gbàgbé ọ̀rọ̀ òní, tó ń ṣìnà ilé, ẹ má pè é ní òpùrọ́, ẹ má pè é ní àjẹ́. Ẹ tètè gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ̀yin tí ara yín ṣì le, ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà wò, ẹ máa rìn, ẹ máa sùn dáadáa, ẹ yẹra fún sìgá. N ò sọ pé àìsàn náà ò ní wá rárá o, àmọ́ ẹ ó ti ran ọpọlọ yín lọ́wọ́. Arúgbó tó ń gbàgbé wa ò tíì di ẹni ìgbàgbé. Àárín wa ni kó wà.